Ibà nínú oyún: bẹ́ ẹ ṣe máa lo àwọ̀n àti Fansidar

Ẹ tètè lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù ìjọba, ẹ má dúró kí ikùn yọ. Ẹ bèèrè àwọ̀n ẹ̀fọn níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún aboyún. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ẹ fi kọ́ síbi tí òòrùn ò dé fún odindi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó sùn sínú ẹ̀. Èmi ò kì í kan ìṣó, wàhálà lánlọ́ọ̀dù, okùn ni mo ń so mọ́ irin fèrèsé. Ẹ ṣáà ki etí ẹ̀ sábẹ́ fóòmù yípo, tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bí ẹni tilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé ni.

Fansidar, oògùn tí aboyún ń lò kí ibà má bàa mú un, ìlò rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń bà jẹ́. Hóró mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbé e mì, níwájú nọ́ọ̀sì. Ẹ má pín in láàárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ bíi parasitamọ́ọ̀lù o. Ìyá kan sọ fún mi pé òun ò tíì jẹun, òun á lò ó délé, ìgbà tó padà wá lóṣù kejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú báàgì ẹ̀ níbi tó di í sí nínú bébà. Ẹ lè lò ó láì jẹun, kò sí wàhálà. Ẹ mú omi tiyín dání, torí kọ́ọ̀pù tí gbogbo èèyàn fi ń mu yẹn, mi ò lè fi mu.

Tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 13 ló ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má lò ó ṣáájú ẹ̀. Ẹ fi oṣù kan ó kéré tán sáàárín ìkan sí ìkejì, kó pé ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bímọ. Ẹ máa ní "ara mi ò gbóná." Kòkòrò ibà lè sápamọ́ sínú ibi ọmọ kára ìyá má gbóná rárá, ẹ̀jẹ̀ ìyá á máa dínkù, wọ́n á wá bí ọmọ tó kéré.

Ẹni tó ń lo Septrin (oògùn apakòkòrò) lójoojúmọ́, tàbí tí oògùn tó ní súfà (sulfa), irú èyí tó wà nínú Fansidar, ti mú kára ẹ̀ sú rí, kó sọ fún nọ́ọ̀sì, kò gbọdọ̀ lò ó. Folic acid (fítámì tí wọ́n ń fún aboyún) 5mg náà máa ń du Fansidar níṣẹ́, 0.4mg ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín.

Tí ara bá wá gbóná, ẹ má fi Fansidar tàbí àgbo wò ó, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ náà.