Ìdí Tí Báńkì Fi Ń Dá Ìwé Yín Padà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Wọ́n dá fọ́ọ̀mù mi padà láìsọ ìdí.

Ìdáhùn: Ẹ wo ojú ewé tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń gbàgbé láti buwọ́ lùwé.

Ìbéèrè: Wọn kò gba ẹ̀rí àdírẹ́sì mi.

Ìdáhùn: Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í gba ìwé tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ìbuwọ́lùwé mi kò jọ ti àtẹ̀yìnwá.

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe gbìyànjú láti ya ti àtijọ́. Ẹ gba fọ́ọ̀mù ìbuwọ́lùwé tuntun, kí ẹ kún un níṣojú òṣìṣẹ́.

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí mo ti ní àkáùntì níbẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n tún ń béèrè ẹni tí mo jẹ́?

Ìdáhùn: Òfin ló ní kí wọ́n béèrè. Ní ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè G7, ìyẹn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè méje tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi, dá àjọ FATF sílẹ̀ láti dènà àwọn tó ń gba inú báńkì sọ owó ìwà ọ̀daràn di owó mímọ́. Ìkẹwàá nínú ìlànà 40 tí àjọ náà gbé kalẹ̀ sọ pé báńkì gbọ́dọ̀ mọ oníbàárà rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ má sì di ti àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń bínú sí òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí fèrèsé ń bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìlànà yẹn ti ní kí wọ́n gba ìwé kan náà lọ́wọ́ ènìyàn léraléra, nígbà tí ẹ̀ka tó ń yáni lówó àti ẹ̀ka tó ń ṣí àkáùntì jọ wà nínú ilé kan. Àṣejù tiwọn nìyẹn, ó sì ń dùn mí gidigidi, pàápàá nítorí àwọn àgbàlagbà tí ìrìn kò rọrùn fún. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ìwé tó ti kọjá àkókò fún yín, kí ẹ sì mú ìyẹn nìkan wá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní orúkọ mi kò bára mu, bẹ́ẹ̀ èmi kan náà ni.

Ìdáhùn: Lórí èyí ni ojú mi ti rí màbo. Mo fẹ́ yá owó. Orúkọ mẹ́rin tó gùn ló wà lórí ìwé ìrìnnà mi, gbogbo wọn náà ló sì wà lórí àkáùntì mi, lẹ́tà kan kò yẹ̀. Síbẹ̀, èsì tó ń dé kò yé jẹ́ pé orúkọ kò bára mu. Òṣìṣẹ́ kan ní kí n lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan ṣoṣo ni mí. Mo búra, wọ́n gba ìwé ìbúra náà, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n sì tún kọ̀ mí. Obìnrin kan ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ló wá tú u, tó fi ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé ìwé ìrìnnà hàn mí. Àwọn ìlà yẹn ni ẹ̀rọ ń kà, kì í ṣe orúkọ tí à ń fi ojú kà lókè. Lẹ́tà A sí Z, nọ́ńbà àti àmì < nìkan ló lè wà níbẹ̀. Àmì ohùn kò sí, àyè 39 péré ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún gbogbo orúkọ. Tèmi gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti gé e, kọ̀ǹpútà báńkì sì ń fi orúkọ tí a gé wé èyí tó pé. Ìwé ìbúra kò lè yanjú èyí, nítorí ẹ̀rọ kì í kà á.

Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè pé kí òṣìṣẹ́ fi ojú ara rẹ̀ yẹ orúkọ náà wò, kí ó sì fọwọ́ sí i nínú àkọsílẹ̀ àpapọ̀ báńkì, kì í ṣe ní ẹ̀ka tí ẹ wà nìkan. Bí orúkọ bá yàtọ̀ lóòótọ́, bóyá nítorí ìgbéyàwó, ìgbà náà ni ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra wúlò. Ẹ tún àkọsílẹ̀ àkáùntì ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun mìíràn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè san owó fún ẹni tó máa bá mi kún gbogbo rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹni tí ìwé ìdánimọ̀ àti ìbuwọ́lùwé yín bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi wọ́n yá owó lórúkọ yín.

Ìbéèrè: Ẹni tó ni àkáùntì ti kú.

Ìdáhùn: Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò kí ẹ tó kún fọ́ọ̀mù kankan, nítorí ìwé àṣẹ láti kóòtù ni báńkì sábà máa ń béèrè, ọ̀rọ̀ ẹbí nìkan kò tó. Ẹ má sì fi káàdì olóògbé gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, kódà bí ó bá ti sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ fún yín, torí ó lè di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn.