Bí Ilẹ̀ Ilé Àtijọ́ Bá Rì Sápá Kan

Bí ilẹ̀ yàrá òkè bá ti ń rì sápá kan, birikilà ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń sáré pè, kó wá po síméńtì kó fi dí ibi tó rì. Nínú ilé alámọ̀ olókè kan, irú èyí tó ṣì pọ̀ n'Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ yẹn lè wó ilé. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀: yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, bí a bá da síméńtì oníyanrìn tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí i, ẹrù bíi kílò 1,200 la gbé ka orí pákó. Bí ẹni to àpò síméńtì 24 sínú yàrá ni, tí kò sì ní kó wọn kúrò mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ rọ omi sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, irú tàwọn birikilà, kí afẹ́fẹ́ má há sínú rẹ̀. Kí ẹnì kan di orí kan mú nígun yàrá, kí ẹnì kejì lọ sígun mìíràn. Ibi tí omi bá dúró sí lára ògiri méjèèjì, ọgbọọgba ni. Ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yíká igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n láti ojú àmì dé ilẹ̀. Ibi tó bá gùn jù ló rì jù.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tòun ti déètì, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn òjò àti nígbà ọyẹ́. Bí kò bá yí padà, ilé ti jókòó nìyẹn. Ẹ lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. (Ti àgbàlá àti balùwẹ̀ yàtọ̀: a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kómi lè ṣàn jáde ni.)

Bó bá ń pọ̀ sí i

Lókè, ẹ yẹ orí igi tó gbé ilẹ̀ yàrá ró, níbi tó ti wọnú ògiri, wò. Ibẹ̀ ni omi òrùlé tó ń jò máa ń dúró sí, ibẹ̀ sì ni ikán ń gbà wọlé. Ẹ fi òòlù lù ú: èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ á dún bí òfìfo. Ẹ fi ọ̀bẹ gún un. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, igi yẹn ti kú, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Ẹ kó ẹrù kúrò nínú yàrá, kí káfíńtà fi òpó gbé àjà ró láti ìsàlẹ̀, kó fi pákó tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ òpó. Bó bá jẹ́ jáàkì lẹ fi ń gbé e sókè, mílímítà mélòó kan péré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sinmi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ wo ògiri kí ẹ tó tún gbé e. Ògiri alámọ̀ kì í fẹ́ ìkánjú. Kò pọn dandan kó tẹ́jú pátápátá. Kó má rì mọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹ fi igi apá tàbí ìrókò tó ti gbẹ rọ́pò èyí tó bàjẹ́, kí orí rẹ̀ méjèèjì jókòó dáadáa, kí ẹ sì fi oògùn ikán kùn ún lára.

Nísàlẹ̀, omi ló sábà máa ń fà á: ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri, tàbí salanga tó sún mọ́ ilé jù. Ẹ darí omi náà síbòmíràn kí ẹ tó fọ́ ilẹ̀. Ẹ kó erùpẹ̀ rírọ̀ jáde, ẹ da ilẹ̀ pupa padà ní sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gún un kó le, kí ẹ tó da òmíràn. Kọnkéré ló kẹ́yìn.

Bí ìka bá wọ ibi tí ògiri ti là, bí ògiri bá fì sápá kan, tàbí bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa lánàá bá há lónìí, kí gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ pe ẹnjiníà kí ẹnikẹ́ni tó tún gun òkè.