Bí A Ṣe Ń Ju Àwo Nígbà Ọyẹ́ Ní Kàbà

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará Òkun. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ṣe ni àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní eré ìdárayá máa ń fẹ́ yá iná títí oòrùn á fi ràn. Èmi kì í gbà fún wọn. Látìgbà tí mo ti ń ṣe eré àwo jíjù yìí, n kò tíì rí àkókò tó dára ju ìgbà ọyẹ́ lọ.

Disc golf ni eré náà ń jẹ́. Àwo pẹlẹbẹ ni ẹ ó máa jù láti ibì kan títí yóò fi bọ́ sínú agbọ̀n irin tí wọ́n so ṣéènì rọ̀ sí. Ẹni tí iye ìgbà tó jù ú bá kéré jù ló borí. Ed Headrick, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní bàbá eré yìí, ṣe pápá rẹ̀ sí Oak Grove ní Kalifọ́níà lọ́dún 1975. Kí agbọ̀n oníṣéènì tó dé, igi àti òpó iná ni wọ́n ń jù ú mọ́, ìdí nìyẹn tí èmi náà kò fi dúró de agbọ̀n. Mo fi ẹfun sàmì sára igi mẹ́sàn-án lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù wa. Tí àwo bá ti ba àmì, ó parí. Àbúrò mi tó ń gbé ní Finland ló fi àwo mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi. Lọ́dọ̀ tiwọn, inú yìnyín ni wọ́n ti ń jù ú, wọ́n á lẹ rìbọ́ọ̀nù mọ́ ìdí àwo kó má baà sọnù.

Lóṣù kẹjọ, koríko pápá wa ga dé orúnkún. Ọ̀pá la fi ń wá àwo nítorí ejò, ilẹ̀ á sì máa yọ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ jù. Tí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ á le, koríko á gbẹ, àwọn igi á wọ́wé. Ibi tí ẹ̀ka dí tẹ́lẹ̀, àwo á rí àyè gbà kọjá. Ooru kì í tètè mú, ẹ lè jù yíká igi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ́ẹ̀mejì kó má rẹ̀ yín.

Ẹ ti wà ní pápá láago mẹ́fà àbọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kì í sábà le láàárọ̀ kùtù. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá láti àríwá-ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju àwo ní ẹ̀yìn ọwọ́, ìyẹn tó ń gbé apá kọjá àyà kó tó jù ú, mọ̀ pé apá òsì ló máa ń yà sí tó bá fẹ́ balẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí yín, ó lè gbé àwo dà sí ọ̀tún. Ẹ jù ú kó lọ sílẹ̀, kó má ga ju èjìká lọ, kí ẹ sì mú àwo tí kì í tètè dà. Tó bá ń ti ẹ̀yìn yín fẹ́, yóò máa tẹ àwo mọ́lẹ̀. Ẹ jù ú sókè díẹ̀. Tó bá ti ku mítà 10 sí àmì, lẹ́yìn tí ẹ bá jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọjá ibi tí àwo balẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ tí ẹ ti jù ú, àfi tí ẹ bá ti dúró ṣinṣin.

Ọwọ́ yín ńkọ́? Ọyẹ́ ń gbẹ ara, ìka á wá dà bíi bébà, àwo á sì máa yọ̀ bọ́. Ẹ fi òrí pa ọwọ́ lálẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀, torí òrí tútù burú ju ọwọ́ gbígbẹ lọ. Ẹ mú aṣọ kékeré dání, ẹ máa nu eruku kúrò lábẹ́ etí àwo, ibẹ̀ gan-an ni ìka ń dì mú. Ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ yín.

Ewé tíìkì nìkan ló ń dá mi lágara. Ewé kan fẹ̀ ju àwo lọ, tó bá sì gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n bíi ti ilẹ̀ wa. Ní oṣù kìíní, àwo pupa mi yọ́ wọ abẹ́ ewé bẹ́ẹ̀, ó tó wákàtí kan tí a fi ń tú ilẹ̀ kí ọmọ kékeré kan tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó sì gbọ́ tó dún kó. Láti ọjọ́ náà, àwo aláwọ̀ búlúù tàbí funfun ni mo ń gbé wọ abẹ́ tíìkì. Funfun yìí náà ló dára níbi tí iná ti jó igbó dúdú, àmọ́ ẹ má ṣe sún mọ́ ibi tí iná ṣì ti ń rú èéfín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju àwo gba oko kajú. Àkókò yìí ló ń tanná, òdòdó tí àwo bá gbọ̀n sílẹ̀, owó olóko ló lọ. Igi keje mi sún mọ́ oko ìyá àgbàlagbà kan jù, mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo sì ti yí ibi tí a ti ń jù padà. Àwo aláwọ̀ ìyeyè kan ṣì wà lórí igi wọn. Wọ́n ní tí àwọn bá ti ká kajú tán, kí n wá mú un.