Bí Déètì Ìgbéyàwó Àwọn Òbí Wa Àgbà Kò Bá Bára Mu

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, Kàdúná àti Kánò tí ẹ ń tọpa ìdílé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má tètè pe ìwé kan ní irọ́ nítorí pé déètì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òmíràn. Tọkọtaya kan náà lè ṣe ìdána nílé, kí wọ́n so yìgì tàbí kí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì tún lọ sí kọ́ọ̀tù lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ní kọ́ọ̀tù, ìkéde máa ń wà níta fún ọjọ́ 21 kí ìgbéyàwó tó wáyé, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjọ́ ìkéde ni ẹ dà kọ.

Ọdún Hijira, ìyẹn òǹkà ọdún àwọn Mùsùlùmí, ló máa ń da ènìyàn láàmú jù. Ẹ̀yìn fọ́tò ìyá mi àgbà, tí wọ́n yà ní Sabon Gari ní Kánò, ni wọ́n kọ 1960 sí, ṣùgbọ́n ìwé yìgì rẹ̀ sọ pé oṣù Ṣàbáánì ọdún Hijira 1380, èyí tí ó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1961. Igbá ìdána tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò náà ni ó yanjú ọ̀rọ̀: ọjọ́ ìdána ni wọ́n ya fọ́tò náà, kì í ṣe ọjọ́ yìgì.

Ẹ kọ déètì méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.