Bí mo ṣe tún ògiri alámọ̀ ilé bàbá wa rẹ́

Gbogbo ẹbí ló ní kí n wó ilé alámọ̀ tí bàbá wa kọ́ lẹ́bàá odò Kúdẹtì n'Ìbàdàn, kí n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Mo kọ̀. Ilé tó ń tutù lọ́sàn-án gangan! Omi nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tí àgbàrá ba Ìbàdàn jẹ́, omi dé ìwọ̀n orúnkún lára ògiri wa.

Lẹ́yìn ìyẹn la fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Àṣìṣe gbáà ni. Kò pẹ́ tó fi sán. Mo fọwọ́ kàn án báyìí, èépá tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun já sí mi lọ́wọ́, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ti dé e pa: omi tí ògiri fà láti ilẹ̀ kò rọ́nà jáde.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣí gbogbo sìmẹ́ǹtì náà kúrò, mo sì jẹ́ kí ògiri gbẹ jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo bu ilẹ̀ pupa sínú ìgò, mo da omi sí i, mo mì í, mo gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ á wá gúnlẹ̀ lé e lórí. Amọ̀ tiwa ti pọ̀ jù, irú rẹ̀ ló sì máa ń sán bó bá gbẹ. Mo fi yanrìn kún un, a gé koríko wẹ́wẹ́ sí i.

"Ọ̀gá, ṣé ayé àtijọ́ lẹ fẹ́ padà sí ni?" Bíríkìlà wa ló ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó sì ń fẹsẹ̀ pò ó lọ. Ìyá Àgbà ló dá a lóhùn láti ọ̀ọ̀dẹ̀: "Ọmọ mi, kò tíì kúnná o."

Káfíńtà fa etí òrùlé síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì kí ọ̀sọ̀rọ̀ má baà já sára ògiri mọ́. A fi òkúta ṣe pèpéle tó dagẹ̀rẹ̀ síta yí ìdí ilé ká. Páànù tó ti dógùn-ún, a kùn ún ní ọ̀dà funfun, torí funfun máa ń dá oòrùn padà.

Mi ò ní parọ́: bí irú omi odò Ògùnpa tó ya wọ ìlú Ìbàdàn lọ́dún 1980 bá tún dé, rírẹ́ kọ́ ni yóò gbà wá.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lóru. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdí ògiri yíká. Ó gbẹ, àfi igun tó kọjú sí ilé ìdáná, tó sán fín-ín. Bíríkìlà ń bọ̀ wá dí i lọ́jọ́ Sátidé.