Bí A Ṣe Ń Mú Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Lọ Sídìí Agbada Gàrí

Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí yóò wúlò fún ará ìlú, tí yóò sì di òwò fún àwọn fúnra wọn, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì. Ibùdó gàrí ni èmi máa ń yàn, nítorí pé kò sí orílẹ̀-èdè tí ń kórè ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í ju ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ kankan. Ẹ ní kí wọ́n bá àwọn ìyá ibẹ̀ bẹ ẹ̀gẹ́, kí wọ́n bá wọn sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì jókòó yan án. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ jókòó ti iná fún wákàtí 3, tí ó ń fi àfọ́kù igbá ro gàrí lójú agbada, tí èéfín ń ta á lójú, ni yóò mọ̀ pé ẹ̀yìn ríro àti èéfín ni ìyà inú iṣẹ́ náà, kì í ṣe pé ọwọ́ kò yá. (Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kò lè gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.) Ojú mi ti rí i rí: kíláàsì mi kan ṣe ẹ̀rọ ìyangàrí onímọ́tò tí gbogbo wa fi yangàn, ṣùgbọ́n nígbà tí a padà lọ, ata ni wọ́n ń sá sórí rẹ̀, nítorí pé iná ọba kì í dé abúlé náà lọ́sàn-án, àwa kò sì béèrè.

Ìbéèrè tí a gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lè yí padà. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní 2007, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí ń mú ara ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dé Nepal ní Éṣíà, ó rí i pé ẹ̀rọ wà ní ọsibítù ìlú ńlá láìsí ọmọ nínú rẹ̀, nítorí pé abúlé ni wọ́n ti ń bí àwọn ọmọ náà. Àpò ìsùn kékeré ni wọ́n padà ṣe, tí ohun kan bí ìda nínú rẹ̀ ń pa ooru mọ́ láìlo iná mànàmáná lemọ́lemọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Kílógíráàmù gàrí kan ń gba ẹ̀gẹ́ tútù bíi kílógíráàmù 4 sí 5. Kí wọ́n ṣírò rẹ̀ pọ̀ mọ́ igi ìdáná àti owó ọkọ̀, kí wọ́n tó mọ èrè orí kóńgò kan. Láti inú èrè yẹn ni owó àdògán tuntun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe láti dín èéfín àti ẹ̀yìn ríro kù yóò ti jáde, èyí tí a lè pín sí ìgbà tí èsúsú bá kan àwọn ìyá náà. Ẹ wo Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ní Jigawa, tí ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín kí tòmátò má baà tètè bàjẹ́: amọ̀kòkò àdúgbò ló ń mọ ọ́n. Àdògán tiyín náà, kí wẹ́dà abúlé lè tún un ṣe.

Ẹ má fi iṣẹ́ náà mọ sí sáà kan. Láti 1995 ni Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ti ní ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú wọn. Lọ́dọ̀ mi, ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì wà fún pípadà lọ lẹ́yìn oṣù 3. Bí wọ́n bá bá àdògán náà ní tútù, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀wọ́ tí ń bọ̀.