Rọpárọsẹ̀ (stroke) ní Ìkòròdú: bí a ṣe ń lo oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì

Bí ẹnu ènìyàn bá ṣàdédé yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan kò ṣeé gbé mọ́, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ wo aago. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá a nílẹ̀ ni dókítà máa bèèrè o, ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni. Bàbá tó sùn ní aago 10 alẹ́, tó jí ní aago 6 àárọ̀ tí apá ti rọ, aago 10 ni wọ́n á kà fún un, àfi níbi tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò àkànṣe. Wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni alteplase, oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ní láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá yá nínú rẹ̀ ló sàn jù.

Ẹ má bu àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu. Ọ̀fun lè ti rọ, kó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún un ní aspirin náà, torí ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ló bẹ́.

Ẹ pe 112 tàbí 767. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 kì í mọ aláìsàn, nítorí náà kí ẹnìkan tẹ ọsibítù láago kí mọ́tò tó gbéra: ṣé ẹ̀rọ CT, èyí tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, ń ṣiṣẹ́ lónìí? Ṣé alteplase wà nílẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dákú, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara, ọsibítù tó sún mọ́ jù ni kí ẹ gbà. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, pàápàá warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Ní ọsibítù, wọ́n á kọ́kọ́ wo ṣúgà, torí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ máa ń fara jọ rọpárọsẹ̀. CT ló kàn. Lójú lásán, iṣan tó dí àti èyí tó bẹ́ kò yàtọ̀. Nínú àwòrán, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á funfun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà, oògùn yìí lè pa á. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ 185/110 kí wọ́n tó fún un.

Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.9 mg fún kílò kan, kò gbọ́dọ̀ kọjá 90 mg. Ẹni kílò 70 á gba 63 mg: 6.3 mg ní ìṣẹ́jú 1, 56.7 mg tó kù ní wákàtí 1. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n bó bá ṣeé ṣe; àfojúdá ló ń mú kí oògùn pọ̀ jù. Bí nọ́ọ̀sì bá ń pò ó, kó rọra yí ìgò náà ni, kó má gbọ̀n ọ́n, torí ó máa ń hó.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọn ìfúnpá ní ìṣẹ́jú 15-15 fún wákàtí 2, 30-30 fún wákàtí 6, lẹ́yìn náà ní wákàtí-wákàtí títí di 24, kó má kọjá 180/105. Orí fífọ́ òjijì tàbí èébì? Kí wọ́n dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tún CT ṣe. Ahọ́n náà lè wú, pàápàá fún ẹni tó ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Aspirin di ẹ̀yìn wákàtí 24, nígbà tí CT kejì bá ti fi hàn pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dà.